Iná Ọ̀sán Gangan

Ọlọ́kadà kan kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tó ti gbé ọwọ́ kan sókè, tó ń ṣí ìka, tó ń pa á dé, bí ẹnu ẹja tí wọ́n fà jáde nínú omi. Fàrídà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń rin ọ̀nà Ìlúà sí Òtu ló mọ̀ ọ́n: iná ọkọ̀ yín ń tàn o, ẹ gbàgbé láti pa á! Ìyá rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àwáwù, tó ń wakọ̀, juwọ́ sí i.

"Ẹ ṣeun o! Ó ń tàn lóòótọ́!"

Ìkarùn-ún nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fàrídà rọra ń sún wálẹ̀ lórí àga, títí ó fi ku orí híjáàbù rẹ̀ nìkan lójú fèrèsé.

Tàjúdéènì, àbúrò ìyá rẹ̀, ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ láti Kánádà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ inú abúlé. Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti dún báyìí, iná iwájú rẹ̀ á tàn, ọ̀sán ni o, òru ni o. Bọ́tìnnì kankan kò pa á. Tàjúdéènì ti ṣàlàyé lórí fóònù: "Bí òfin ibí ṣe rí nìyẹn, Àǹtí. Kì í ṣe torí kí ẹ lè ríran ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, torí kí wọ́n lè rí yín ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á."

Ta ni yóò wá ṣàlàyé èyí fún gbogbo Òkè-Ògùn? Àánú àwọn èèyàn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá àgbàlagbà kan tiẹ̀ fi ọ̀kadà lé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé lọ́jọ́ kan, kí bátìrì wọn má baà kú.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, Beauty, ọ̀rẹ́ Fàrídà tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ló sọ ọ́ ní "Ọmọ Atannálọ́sàn-án." Gbogbo kíláàsì gbà á mú. Bí Fàrídà bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, wọ́n á máa ṣí ìka, wọ́n á máa pa á dé.

"Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti wá nǹkan ṣe sí i," Beauty wí. "Ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fàrídà lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń kírun lọ́wọ́, ó wo fídíò kan lórí fóònù, ó ṣí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó yọ fíúùsì iná ọ̀sán náà nìkan, ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, ó sì sọ ọ́ sápò.

Ní àárọ̀ Sátidé, kò sẹ́ni tó ṣíka sí wọn. Nọ́ọ̀sì Àwáwù rẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé wọ́n ti mọ ọkọ̀ wa wàyí." Fàrídà gbé kúlà abẹ́rẹ́ lé itan, ó jókòó gangan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Wọn kò tíì dé Òtu tí wọ́n fi rí i pé ọ̀dàn ń jó. Fàrídà ti ń rí iná ẹ̀ẹ̀rùn láti kékeré, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Ó ga ju igi kaṣú lọ, ó ń bú ramúramù. Àwọn àwòdì ń yí lókè rẹ̀, wọ́n ń já wálẹ̀ láti gbé àwọn tata tó ń sá fún iná. Majàlà dúdú ń rọ̀ sórí gíláàsì ọkọ̀. Oòrùn pọ́n bí epo, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ẹnu ya Fàrídà, kò lè pa á dé.

"Súbúhánálláhì," ni ìyá rẹ̀ wí wẹ́rẹ́. "Iṣẹ́ Ọlọ́run tóbi."

Àfi bí atẹ́gùn ṣe yí. Èéfín ya bo ọ̀nà, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé wọn kò rí imú ọkọ̀ tiwọn mọ́. Ìyá rẹ̀ dín eré kù.

"Má bẹ̀rù," ó ní. "Ẹni tó bá ń bọ̀ á rí wa. Iná wa ṣáà ń tàn."

Fàrídà fọwọ́ kan fíúùsì tó wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ á mọ ohun tó ṣe. Bí kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ń kù bọ̀ níwájú, ilẹ̀ sì ń mì.

"Màámi, kò tàn!" ó kígbe. "Mo ti yọ ọ́! Ẹ tan iná ńlá, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìyá rẹ̀ yí bọ́tìnnì. Bí ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú èéfín ni fèrè kan ké tantan. Ọkọ̀ akóṣu kan tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọ sí wọn, ó ya bàrà, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sì gé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn sọnù. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ méjèèjì dúró.

Nígbà tí èéfín ká díẹ̀, awakọ̀ náà sáré dé láìwọ bàtà. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ó káwọ́ lérí.

"Ìyá, àárín ọ̀nà ni mo wà o! Mo rò pé èmi nìkan ni mo wà lójú títì, àfi bí mo ṣe rí iná yín. Ká ní ó pẹ́ bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú lásán..."

Nọ́ọ̀sì Àwáwù jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Fàrídà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan òwe tí Beauty pa fún un. Ó ń retí ìgbátí. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ikú yá ju ẹ̀sín," ìyá náà tún un sọ. "Ẹ̀sín olè, ẹ̀sín èké, ìyẹn làwọn àgbà ń wí. Wọn ò ní kí ọmọ mi kú nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì. Àwọn tó ń ṣíka sí wa lójú ọ̀nà, àánú wa ló ń ṣe wọ́n, ìwọ lo sọ ọ́ di ẹ̀sín." Ó nu ojú rẹ̀. "Inú ń bí mi, Fàrídà. Á tún bí mi lọ́la. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí o sọ nínú èéfín yẹn ló jẹ́ kí n wà láàyè láti bínú."

Fàrídà mú fíúùsì náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Ó ń wò ó, ẹ̀rù ohun kékeré náà sì ń bà á. Láti ọjọ́ náà ló ti yé e pé ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í gbani lọ́wọ́ ikú, àti pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì lè ní àtúnṣe.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bó ti ń wọ kíláàsì, Beauty gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣí ìka, ó ń pa á dé. Fàrídà juwọ́ sí i.

"O ṣeun o," ó ní. "Ó ń tàn lóòótọ́."