Ọ́ìlì Tó Ń Kán Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Ardeshir

Ẹsẹ̀ ni Perin kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ọkùnrin kan nà jáde lábẹ́ ọkọ̀ ìyá rẹ̀, bàtà kan ti lu, ìka ńlá inú rẹ̀ sì ń jó sí orin tí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ń kùn. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, nínú ọgbà àwa Pársì, ìran Páṣíà tó tẹ̀dó sí Íńdíà, ní Bọ́mbè, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ báyìí, tí èèyàn ṣì ń gbọ́ ohùn ẹyẹ lọ́sàn-án gangan. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ọdún wo ni. Ìgbà yẹn dùn, ó sì ti lọ.

"Ẹ ti fo ìlà kan nínú orin yẹn," ni Perin wí.

Ọkùnrin náà yọ́ jáde, ọ́ìlì kún imú rẹ̀. "Ẹ yáa bá mi kọ ọ́ nígbà náà, kí n lè máa ṣiṣẹ́ mi lọ."

Perin rẹ́rìn-ín. Òun tí àwọn àǹtí inú ọgbà ti ń pè ní ọjà tó kùtà, ọkàn rẹ̀ fò sókè bíi ti ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Noshir lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òòlù gé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́dí pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, fún ọkọ̀ tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìdérí orí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ìyá Perin ló ń jò. Ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ ń ṣàn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ba àwòrán ẹfun tí Perin ń tẹ̀ síbẹ̀ láràárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa jẹ́. Noshir gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó tẹ́ ẹ, ó sì fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní sùúrù, tọ̀tún, tòsì.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un jù, Bàbá," ó sọ fún Ardeshir, bàbá Perin. "Bó bá le jù, á fọ́. Bó bá sì dẹ̀, á jò."

"Ọmọ yìí, mo ti ń wa ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ẹ," ni bàbá wí, ṣùgbọ́n ó ní kí Perin bu tíì fún un, èyí tí wọ́n fi míńtì àti ewé tíì sè.

Tíì yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Noshir padà wá wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Kò jò. Ó tún padà wá wo àìjò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Perin wa ọkọ̀ náà lọ sétí òkun, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe ní Sọ́ńdè kí ikú tó mú un lọ. Perin di ọwọ́ ìdarí mú, ó sì bú sẹ́kún. Noshir yí fèrèsé wálẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lójú. Ibẹ̀ ni Perin ti mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí.

Noshir wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

"Ọjọ́ tí kò bá jò mọ́, ká sọ̀rọ̀ ìyàwó," ni Bàbá Ardeshir wí. "Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ọ́ìlì, ṣé ilé lapá rẹ̀ máa ká?"

Noshir tún un ṣe, ó tún jò. Ó gé òmíràn, ìyẹn náà jò. Àǹtí Gulbai, ọ̀kan nínú àwọn àǹtí ọgbà, yọrí lójú fèrèsé òkè. "Noshir, ṣé ò ń tún un ṣe ni, àbí ò ń bomi rin ín?" Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn.

Inú Perin bàjẹ́. "Bí o ò bá fẹ́ mi mọ́, fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Má fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Noshir wo àwọn nọ́ọ̀tì náà títí. "Ṣe sùúrù fún mi, olólùfẹ́ mi," ló kàn sọ. Perin kò bu tíì fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Perin gbé agolo ẹfun jáde. Bàbá rẹ̀ ló bá nídìí ọkọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán, ó ti so okùn mímọ́ ẹ̀sìn wa mọ́ ìbàdí, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, sípánà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ń fún un ni?"

Bàbá kò lè purọ́ lórí àdúrà tí kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀. "Mò ń tú u ni." "Ìyá rẹ ti lọ. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni màá máa bá mu tíì? Ṣé ògiri ni?"

Ìbínú kò wá, àánú ló wá. Perin dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Noshir. Nígbà tó rò fún un tán, Noshir tẹ orí ba.

"Mo mọ̀. Àpá sípánà bàbá wà lára àwọn nọ́ọ̀tì. Eyín sípánà wọn ti jẹ, tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kí n wá dójú ti àgbàlagbà níwájú ọmọ rẹ̀?" Ó kọjú sí bàbá. "Perin ò ní lọ síbì kankan, Bàbá. Èmi ni màá kó wá."

Bàbá ya ẹnu. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá kó wọ ilé àna, ẹ̀gàn dé bá a nìyẹn. "Wọ́n á máa pè ọ́ ní ọkọ abẹ́ òrùlé ìyàwó."

"Wọ́n ti ń pè mí ní mẹkáníìkì tí ọ́ìlì ń jò mọ́ lọ́wọ́. Orúkọ kan sí i ò ní pa mí."

"Ẹ ti parí ẹ̀ láàárín ara yín," ni Perin wí. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè."

"Perin, ṣé wàá fẹ́ mi, tèmi ti ẹ̀gàn mi?"

"Lọ fọ imú ẹ ná," ló wí, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. "Màá fẹ́ ẹ."

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbin ọmọ igi máńgòrò sínú ìkòkò gẹ́gẹ́ bí àṣà, Noshir sì gbé àpótí rẹ̀ dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lójú Gulbai àti gbogbo ayé. Òun àti Perin wọlé. Yàrá ńlá tó kọjú sí òkun, èyí tí Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́, ti mọ́ tónítóní, aṣọ funfun tuntun wà lórí ibùsùn. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ kan ní kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?" ni Perin bi í.

"Atẹ́gùn ibí yìí dára fún mi," ni bàbá wí.

Kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀.