Sìmẹ́ńtì Inú Ògiri Òrìṣà

Ìgbà kẹta rèé tí òrìṣà kọ̀ tí kò wọlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ìtẹ́ tó ru ojú fàdákà rẹ̀ lé èjìká rìn dé ẹnu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ìtẹ́ náà sì tì wọ́n padà sí àárín àgbàlá, bí ẹni ń lé màlúù kúrò lóko. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni iwájú ní ọtí ìrẹsì àná ló ń yí ẹni ẹ̀yìn lójú; ẹni ẹ̀yìn ní kó panu mọ́, ṣebí ìyàwó ẹ̀ ló fà á dìde nílẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Jhabe, bíríkìlà tó tún ògiri ilé òrìṣà náà ṣe, dúró lẹ́yìn èrò, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ilé alájà márùn-ún ni ilé òrìṣà náà. Wọ́n to ìtì igi, wọ́n to òkúta lé e, bẹ́ẹ̀ títí dókè, láìsí ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí òkúta lè rìn díẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì, kó sì padà sáyè rẹ̀. Jhabe mọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ògiri ìhà ìsàlẹ̀ gan-an ni ilé tirẹ̀ wà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Reshmu ìyàwó rẹ̀ bímọ, Jhabe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú inú rí òkúta tó ń já bọ́ sórí ìkókó. Ló bá ki sìmẹ́ńtì sáàárín òkúta ìhà yẹn, ó fi amọ̀ bò ó. Kò sọ fẹ́nì kankan.

Ara Nokhu, elégùn òrìṣà, ń gbọ̀n. Fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Ó la èrò kọjá títí ó fi kan Jhabe, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń tọrọ omi.

"Ta ló dè mí lápá?"

"Bàbá, èmi ni."

"Tú u. Kí oòrùn tó kúrò lórí òrùlé."

Jhabe mú òòlù àti irin. Reshmu, tí kò tíì gbọdọ̀ jáde torí ọmọ ọjọ́ mẹ́rin, yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìkókó, kí lẹ̀ ń wó níbẹ̀?"

"Ohun tí mo kọ́."

Ó lu ògiri. Ẹnìkan lù ú padà láti inú. Ó dáwọ́ dúró. Ẹni yẹn ò dáwọ́ dúró. Jhabe rò pé àwọn tó wà lókè ní àgbàlá ti rán ẹnìkan wọlé wá ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí irin rẹ̀ bá dé, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti dẹ̀ ṣáájú, ó sì gbóná bí àkàrà. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, oòrùn ṣẹ́ kù sétí òrùlé.

Ilẹ̀ sì mì.

Ilé náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Igi ń ké, òkúta ń payín keke. Jhabe fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó ń wòkè. Òkúta yọ síta tó ìbú àtàǹpàkò, wọ́n sì padà wọlé, ẹyọ kan ò já bọ́. Nínú ilé, ọmọ ń sunkún, ohùn rẹ̀ já gaara.

Ó gòkè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tikam, àwòrò arúgbó, fún olùrànlọ́wọ́ tó rán. Tikam fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilé òrìṣà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ nígbà tí òrìṣà bá wà níta, àti pé àgbàlá ni òrìṣà wà látàárọ̀, gbogbo àwọn ló jókòó tì í.

Jhabe wo ojú fàdákà tó wà lórí ìtẹ́ náà. Eruku sìmẹ́ńtì bò ó funfun dé ìpéǹpéjú, òógùn sì ti la ojú ọ̀nà gba inú rẹ̀.

Tikam fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Nígbà ayé bàbá mi," ó ní, "ẹnìkan dè é lápá bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ la nù lójú rẹ̀."