Ọ̀kẹ́ Kan Ó Lé Mẹ́sàn-án

"Kọ ọ́ bí mo ṣe wí, jàre," Ojúọlápé sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sìlífátù, lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Agége. "Kò ṣé pín. Gbogbo wa la ti kọ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wa bá sì kùnà, ta ni tísà máa nà, ta ni wọ́n máa fi sílẹ̀?"

Ọdún 1956 ni. Tísà Sànyà ti kọ 20,009 sójú pátákó: yàtọ̀ sí oókan àti òun fúnra rẹ̀, ṣé nọ́ḿbà kankan wà tó lè pín in láìṣẹ́kù? Ẹni tó bá rí ìdáhùn, tó sì ṣàlàyé rẹ̀, ni wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní girama. Ẹnì kan péré. Bí kò bá jẹ́ Sìlífátù, bàbá rẹ̀ ti ní iṣẹ́ aránṣọ ló kàn.

Ó ti dán èjì, ẹ̀ta, àrún àti èje wò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ó ti sú u. Ó kọ ọ́ síwèé pé: "Kò ṣé pín. Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò." Irọ́ ni.

Ó bá ìyá bàbá rẹ̀ nílé, ó ń ka obì gbàǹja ní igba-igba sínú apẹ̀rẹ̀ tí rélùwéè yóò gbé lọ sókè Ọya.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ Ajílété, ta ló fọwọ́ kan ọmọ mi tójú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì?"

Sìlífátù jẹ́wọ́. Ìyá àgbà fà á mọ́ra. "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọmọ mi, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ibo lo bá a dé?"

"Mọ́kànlá ló kàn, Ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló lè to ọ̀kẹ́ obì ní mọ́kànlá-mọ́kànlá?"

"Ta ló ní ká to ọ̀kẹ́? Ṣebí ọgọ́rùn-ún igba ni. Bìsìmílá, ẹyọ igba kan ṣoṣo ni ká tò."

Òkìtì méjìdínlógún ni, obì méjì ṣẹ́ kù.

"Igba kan ṣẹ́ méjì kù. Ọgọ́rùn-ún igba ńkọ́?"

"Igba ni yóò ṣẹ́ kù!"

"Igba yẹn náà ńkọ́?"

"Méjì..." Sìlífátù fò dìde. "Méjì pẹ̀lú mẹ́sàn-án, mọ́kànlá! Ìyá àgbà, ó pín!" Ó pa irọ́ ìwé rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ ìṣirò obì náà sípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tísà Sànyà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló kọ́ ẹ?"

Bí Sìlífátù bá sọ òótọ́, orúkọ rẹ̀ lè má lọ mọ́. "Ìyá bàbá mi ni, sà. Irọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ."

"Oníṣirò olóbì!" ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pariwo.

"Ẹ pa ẹnu mọ́!" Tísà fún un ní ṣọ́ọ̀kì. "Mọ́kànlá pín in sí 1,819. Pín ìyẹn náà lójú mi."

Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Igba mẹ́sàn-án ó lé mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlá kọ̀, mẹ́tàlá kọ̀. Nígbà tó kan mẹ́tàdínlógún, igba kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ mẹ́tàlá kù. Ó kó àṣẹ́kù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ mọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n di mẹ́rìndínlógóje. Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́jọ géérégé!

Tísà kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù níwájú gbogbo wọn.

Ìyá àgbà gbọ́, ó tẹ́wọ́ àdúrà: "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtítọ́ rẹ já ọ kulẹ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, bí gbogbo ayé bá jọ kọ irọ́, ìyẹn kò sọ ọ́ di òótọ́. Ẹni tó bá sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà, kó má tijú láti dárúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Ní Sátidé, ta ló jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì bí kò ṣe Ojúọlápé? "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, ẹ kọ́ èmi náà."