Ta Ló Ba Ẹ́ńjìnì Ìyá Tósìn Jẹ́?

"Tósìn, no use fuel hose for there o!" Ọ̀gá Obinna ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Turbo dey hot die. Go buy the correct one."

"Yes, Oga," ni Tósìn fèsì.

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iweka Road nílẹ̀ Igbo yìí ni Tósìn ti ń lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ń to ẹ́ńjìnì jọ fún bọ́ọ̀sì kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ń kó aṣọ lọ sí ọjà Ochanja. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ti nọ́ọ̀kì, agbára wọn ò sì ká òmíràn. Inú òkítì ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọmọ náà ti ń ṣa nǹkan, ríǹgì níhìn-ín, pístìnì lọ́hùn-ún. Ó tilẹ̀ rí tọ́bò kan, ohun tí í fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kékeré kó lè lágbára bíi ńlá. Ká má purọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ìwà ni kò tó.

Rọ́bà tí í gbé ọ́ìlì lọ sínú tọ́bò nìkan ló kù. Ìyá rẹ̀ ta lẹ́ẹ̀sì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó rówó rẹ̀ fún un. Bí Tósìn ṣe ń lọ rà á ló pàdé Bọ̀wálé, ọmọ ọ̀gá báńkì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì aláṣọ lo fẹ́ fi turbo sí?" Bọ̀wálé bú sẹ́rìn-ín. "If e no dey shout, na generator you build."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Ó dun Tósìn wọ eegun. Ó bá fi owó rọ́bà ra sàlẹ́ńsà ẹlẹ́nu ńlá, páìpù èéfín tó ń bú ramúramù. Rọ́bà pẹtiróòlù tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ló wá gé sí tọ́bò. Ọ̀gá Obinna ti lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní abúlé, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyàsímímọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, síbẹ̀ kò tíì tẹ́ Ìyá Tósìn lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n ṣí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó sì da ìgò kékeré òróró àdúrà sí i.

"Olúwa, bù kún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi," ló wí, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Bí wọ́n ṣe ń darí lọ sílé ládùúgbò Woliwo, Tósìn ló ń wa ọkọ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó tajú kán rí Bọ̀wálé lẹ́bàá títì. Ó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Sàlẹ́ńsà bú, Bọ̀wálé pàtẹ́wọ́, inú Tósìn dùn dé góńgó. Kò pẹ́ tí èéfín fi bo ojú wọn. Ọ́ìlì ti dà nù tán, ẹ́ńjìnì han gooro, ó sì gan pa.

"Kí ló ṣe é?" Bàbá rẹ̀ ti fò sílẹ̀.

Òórùn rọ́bà tó jóná ti sọ òótọ́ fún Tósìn. Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wolẹ̀. "Bóyá òróró tí Màmá dà sí i ni, sà."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láàárín títì. "Òpè! Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ pa á! Orí ni kó o máa fi ru ẹrù rẹ!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń ru ẹrù aṣọ lọ sí Ochanja nínú oòrùn, ọrùn rẹ̀ sì wú. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. "Mama Anointing!" ni wọ́n ń pè é. "You don pour the oil for soup too?" Àwọn tó ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń rẹ́rìn-ín. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á ní, "Tósìn, dárí jì mí. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́."

"Kò burú, mà," ni ọmọ náà máa ń fèsì. Ẹ ò rí ìkà!

Nígbà tí Ọ̀gá Obinna dé láti abúlé, ó yẹ ẹ́ńjìnì náà wò. Ó gbé rọ́bà tó yọ́ wá sílé, ó fi lé Bàbá Tósìn lọ́wọ́. "No be oil spoil am. Na this one. I warn your pikin."

Ìyá gba rọ́bà náà, ó wò ó títí. "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń bẹ̀ ọ́, Tósìn, o mọ̀?"

Tósìn dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Lọ sọ fún wọn lọ́jà."

Ó lọ. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ló ń fi èdè Igbo tó gbọ́ dáadáa sọ ọ́: "Ọ bụghị nne m, ọ bụ m." Kì í ṣe ìyá mi, èmi ni. Obìnrin aláṣọ kan pa àtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"See good pikin! E dey carry im mama shame. Mama Anointing, you try!"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pè é dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ tètè jẹ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ṣe. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bi tirẹ̀ ru ẹlòmíràn lè má rí i sọ̀ kalẹ̀ mọ́.