Ẹkún Lórí Ìwé Tí A Ò Kà Tán

"Ìwé yìí jinlẹ̀," ni Akọ̀wé Prabhakaran wí, ó sì di ojú bí ẹni tí ìjìnlẹ̀ náà ń fà lọ sísàlẹ̀. "Ó jinlẹ̀ gan-an ni."

Ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ìwé mìíràn náà nìyẹn. Ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn náà ni, bẹ́ẹ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, bí a ṣe ń tọ́jú oko ata ló dá lé.

Òjò oṣù Kẹfà ń lu òrùlé ilé ìkàwé abúlé wa, Pulikkadavu. Àwa bí ogún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tíì dúdú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wà níwájú wa. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ẹgbẹ́ òǹkàwé wa máa ń pàdé. Oníkálukú á dìde, á dárúkọ ìwé tó kà lọ́sẹ̀ yẹn, á sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, á sì sọ ẹni tó yẹ kó kà á tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ìwé, nítorí náà mo mọ iye ìwé tó ń ti ibẹ̀ jáde lọ sinmi nílé onílé, tó sì ń padà wá bó ṣe lọ. N kì í sọ. Ẹni tó bá ń sọ irú ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀sẹ̀ Ìwé Kíkà ti ń parí lọ. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe ayẹyẹ fún Tíṣà Vasumathi, arúgbó tó kọ́ ìdajì abúlé yìí ní ìwé. Ogún ọdún ló fi kọ ìwé kan ṣoṣo, *Àtùpà Ọlọ́kọ̀*, ìtàn Madhavi, ọmọbìnrin ọlọ́kọ̀ kan tó ń tukọ̀ èrò sọdá odò. Oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá ni ìwé náà jáde. Gbogbo wa la gba tiwa níbi ìfilọ́lẹ̀, gbogbo wa la sì yìn ín. Ó wá ku kí ọ̀dọ́ kan dìde sọ bí ìwé náà ṣe rí lára rẹ̀. Ẹni tí a bá yàn, òun náà ló máa ṣojú wa níbi ìdíje òǹkàwé gbogbo àgbègbè.

"Ta la máa yàn?" ni Akọ̀wé bèèrè.

"Nivedya ni," Tíṣà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ọmọ yẹn mọ ìwé í kà. Èmi ni mo di ìka rẹ̀ mú tó fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sórí ìrẹsì inú àwo, bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé."

Nivedya, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú ẹ̀dà ilé ìkàwé ti wà nílé rẹ̀. Ojú ìwé kejìlélógún ló wà.

Ní ọjọ́rú, òun àti Shahana ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wà lábẹ́ agboòrùn kan, wọ́n ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù," Shahana wí. "Lọ jókòó kà á. Ìwé ọ̀hún ò tóbi."

"Ìdánwò ìṣirò ńkọ́?"

"Ìdánwò ìṣirò ni, àbí fóònù? Mo rí ẹ lórí ayélujára lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀ lo fi rí mi."

"Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé. Tó ò bá ráyè, lọ sọ fún Tíṣà pé o ò tíì kà á tán. Wọn ò ní jẹ ẹ́."

"Kí wọ́n wá gbé e fún Abhinand? Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé nìkan ló ń kà!"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ojú ìwé méjìlélógún ni mo kà, jọ̀ọ́. Mo jù ú lọ."

Nígbà tó délé, dípò kó ṣí ìwé, fóònù ló ṣí. Ó wọ inú wásáàpù ẹgbẹ́ wa, ó sì lọ wá gbogbo ohun tí a ti kọ níbẹ̀ nípa *Àtùpà Ọlọ́kọ̀* láti ọdún tó kọjá. Akọ̀wé ti kọ ọ́ pé, "Ìparí ìwé yìí! Ó jinlẹ̀." Sudharma tó ń ta oògùn kọ ọ́ pé, "Mo sunkún ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ." Èèyàn mọ́kànlá fi àwòrán ojú tó ń sunkún dá a lóhùn, kó lè hàn pé àwọn náà mọ ohun tó ń sọ. Nivedya ṣà wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń já ewébẹ̀ lọ́gbà ẹlòmíràn, ó tún wọn tò sínú ìwé àjákọ rẹ̀, ó sì há a sórí.

Ọjọ́ Ẹtì, ó pàdé Tíṣà Vasumathi lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o ti kà á tán?"

Ọ̀nà dá, kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Ì bá ti sọ òótọ́, kì bá sì ju àárín àwọn méjèèjì lọ.

"Mo ti kà á tán, Tíṣà. Ó pa mí lẹ́kún."

"Títí dé ìparí?"

"Ìparí yẹn gan-an ni mò ń wí."

Tíṣà sún mọ́ ọn. Ó dà bí ẹni tó ń retí kí ọmọ náà sọ nǹkan kan. "Kò sí ohun tó yà ọ́ lẹ́nu níbẹ̀? Kò sí ohun tó o fẹ́ bi mí?"

"Rárá o, Tíṣà. Gbogbo ẹ̀ lọ geere."

Arúgbó náà wò ó títí. "Ó dáa. Máa lọ, òjò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé ìkàwé kún dé ẹnu ọ̀nà. Nivedya wọ aṣọ tuntun, ó fi òdòdó sí irun, ó sì sọ̀rọ̀ bí omi. "Nígbà tí mo dé ojú ìwé tó kẹ́yìn," ó wí, ó sì dánu dúró díẹ̀ bó ṣe fi kọ́ra níwájú dígí, "mo pa ìwé náà dé, mo sì sunkún. Irú ìparí bẹ́ẹ̀, kò lè jẹ́ òmíràn mọ́." Àtẹ́wọ́ sọ. Sudharma nu ojú.

Tíṣà dìde láti fèsì. Kò dúpẹ́. Ó ní kí n mú ìwé náà wá láti orí pẹpẹ ilé ìkàwé gan-an. "Ẹ bá wa ka ojú ìwé tó kẹ́yìn síta," ó wí fún mi, "kí gbogbo wa lè jọ sunkún."

Mo ṣí i, mo ha ọ̀fun, mo sì bẹ̀rẹ̀: "'Ní ọdún tó kọjá, màálù ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà ẹran. A tún ń bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fọ agolo wàrà wọn mọ́ kí wọ́n tó gbé e wá...'"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Akọ̀wé Prabhakaran fò dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbọ́n ìkọ̀wé òde òní nìyẹn! Màálù yẹn, Madhavi ló dúró fún!"

"Jókòó, Prabhakaran," ni Tíṣà wí, bó ṣe máa ń wí fún un ní kíláàsì kejì. Ó jókòó.

"Ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ ìwé mi àti ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn oníwàrà," Tíṣà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Wọ́n ṣi ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tó kẹ́yìn gbé, wọ́n di tèmi mọ́ ti oníwàrà, wọ́n di ti oníwàrà mọ́ tèmi. Ọjọ́ kejì ìfilọ́lẹ̀ ni mo rí i. Mo fẹ́ pariwo. Mo wá ní, rárá, ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á débẹ̀ á sáré wá bá mi. Mo fi ọwọ́ kọ ìparí náà sínú ìwé àjákọ, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń retí àlejò. Ó pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí."

Ó wò wá yíká kó tó tẹ̀ síwájú.

"Ẹnìkan wá. Ẹnìkan péré, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Kalyani tó ní màálù méjì ni. Ìparí ìwé mi ló rí nínú ìròyìn ẹgbẹ́ wọn, ló bá wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, 'Tíṣà, ta ni Madhavi yìí, kí ló gbé e dé inú ọkọ̀?' Òun ń wá ìbẹ̀rẹ̀ kiri. Ẹ̀yin tí ìbẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò wá ìparí."

Ó wá yíjú sí Nivedya. "Àwọn yòókù, mo mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, Sudharma ti pa ọ̀rọ̀ ẹkún rẹ̀ rẹ́ lórí wásáàpù. Ìgbìmọ̀ jókòó. Akọ̀wé mi orí, ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Irọ́ ṣáá!" A pinnu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣojú ilé ìkàwé wa. Àwọn mọ́kànlá tó fi àwòrán sunkún ló kọ́kọ́ nawọ́. Èmi náà nawọ́ tèmi, èmi tí mo lu òǹtẹ̀ ilé ìkàwé sí ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìwé náà, tí n kò sì ṣí ìyókù wò rí.

Nivedya sunkún ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìwé náà, ó kà á. Ọjọ́ méjì péré ló gbà á. Ó dé ibi tí Madhavi ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, tí bàbá rẹ̀ kò tíì padà, tí odò sì ń kún. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó bá màálù níbẹ̀. Ó gbéra, ó di ilé Tíṣà.

"Wọlé, Nivedya," ni Tíṣà wí. Kò pè é ní ọmọ mi. Ife àlejò ló fi bu tíì fún un.

"Ẹ má bínú sí mi, Tíṣà. Mo ti kà á wàyí. Lóòótọ́ ni mo kà á. Kí ni Madhavi wá ṣe?"

Tíṣà dìde. Ó gbé ìwé àjákọ náà fún un, ó nawọ́ sí àga tó wà lọ́ọ̀dẹ̀. Nivedya kà á níbẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, omi ti bo ojú rẹ̀, imú rẹ̀ ń dà, ó fi apá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ nù ún.

"Tíṣà, ó..."

"Má sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí..."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà lo sọ fún mi lójú gbogbo ayé, ó sì jọ òótọ́ bíi tòní. Mi ò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́ mọ́, mo sì ti dàgbà ju ẹni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ." Ó gba ìwé àjákọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mu tíì rẹ kó má tutù."

Nivedya fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi lọ́jọ́ tó wá dá ìwé padà. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń kàwé tó Nivedya ní Pulikkadavu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tó bá kan án, á dìde, á ní, "Mo kà á," á sì jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ, gbólóhùn kékeré ni "Mi ò tíì kà á." Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ tán lójú. Ẹ máa sọ ọ́. Tí ẹ bá ti fi ẹkún tí ẹ kò sun gba àtẹ́wọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó sunkún lóòótọ́ níwájú ẹni tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹni náà á sì ní kí ẹ mu tíì yín.