Ẹni Tó Kẹ́yìn Ló Ń Kanlẹ̀kùn

Aṣọ tí ènìyàn bá fi sáré gbọ́dọ̀ rùn. Èmi alágbàfọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá mi jiyàn nípa òógùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi bà mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí mo fa ẹ̀wù ẹgbẹ́ wa yọ nínú àpò, tí mo gbé e símú. Kò rùn rárá. Ó gbẹ, ó mọ́, ó sì tutù bí ògiri yàrá tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo fi ojú mi kòrókòró rí ọkùnrin tó wọ̀ ọ́ gun òkè lọ́jọ́ Sátidé.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ẹgbẹ́ wa máa ń sáré láti pápá ilé ìwé lọ sí ilé àgbàlagbà kan tó nílò ìrànlọ́wọ́. A ó gbá àgbàlá, a ó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a ó pààrọ̀ gílóòbù, a ó sì sáré padà. Kọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wa dákú lẹ́yìn, a kò sì mọ̀. Láti ìgbà náà ni Kọ́ọ̀ṣì ti ṣòfin pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù yẹ́lò, kó máa kẹ́yìn, a kò sì ní wọ ilé kankan títí onítọ̀hún yóò fi dé. Kí ojú má bàa ti ẹni tó lọ́ra, a sọ ọ́ di ipò iyì: ẹni tó kẹ́yìn ló ń kanlẹ̀kùn.

Òfin rere ni. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó mú ọkùnrin náà wá sẹ́gbẹ́. A kàn rí i lẹ́yìn wa lọ́jọ́ kan, ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká fún òun ní ẹ̀wù. Bíríkìlà, ọ̀kan nínú wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ọ́ ní Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́, ó ní ìgbín á tún ṣáájú rẹ̀ délé. Nígbà tí gbogbo wa bá dọwọ́ lé orúnkún, tí à ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun a kàn dúró. Àyà rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀.

Ó kanlẹ̀kùn bàbá tó ń tún aago ṣe. Bàbá náà yọjú, ó bá wa ṣàwàdà, ó sì kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. A ní ọjọ́ orí ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bíríkìlà ló wọ ẹ̀wù, ìyá tí òun kanlẹ̀kùn rẹ̀ sì wà láyé dòní, ó ń bá àwọn aládùúgbò jà. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ tún gba ẹ̀wù, ilẹ̀kùn agbẹ̀bí àgbà tó gbẹ̀bí èmi fúnra mi ló kàn. A sin ìyẹn náà ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀wù tó wọ̀ lọ síbẹ̀ ni mo gbé símú lọ́jọ́ Ajé yẹn.

Ilé ìyá mi ló sì kàn ní Sátidé tó ń bọ̀. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti fọ́, Kọ́ọ̀ṣì sì ti ṣèlérí pé a ó bá a tún un ṣe. Mo wá Kọ́ọ̀ṣì lọ sílé, mo tú gbogbo ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "torí pé aṣọ ò rùn la ṣe máa lé èèyàn?"

"Ẹ má jẹ́ kó kanlẹ̀kùn màmá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Bá a bá lé ẹni tó lọ́ra lónìí, ta la máa lé lọ́la? Òfin ò mojú ẹnì kan."

Inú bí mi dé góńgó. Mo sọ fún ara mi pé kò burú. Bó bá jẹ́ ẹni tó kẹ́yìn ló ń kanlẹ̀kùn, èmi ni máa kẹ́yìn. Màá kẹ́yìn débi pé ọ̀rọ̀ mi á sú u.

Nígbà tó di Sátidé, mo fọ ẹ̀wù náà ní ìdájí, mo sá a sórí okùn, kí n lè sọ pé kò tíì gbẹ. Mo dé pápá, mo bá Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀wù náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Kí n tó lanu, Kọ́ọ̀ṣì ti fọn fèrè.

Mo ń fà sẹ́yìn, òun náà ń fà sẹ́yìn. Àwọn tó kù ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n fi wá sílẹ̀. Nígbà tí àwa náà yọ sí àdúgbò ìyá mi, mo rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n tò síwájú ilé náà, wọ́n ń wo ọ̀nà wa. Mo dúró. Ó dúró.

"Ẹ máa lọ, mà," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dùn.

"Rárá o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ."

"Wọ́n ń dúró dè wá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Èmi jókòó sẹ́bàá títì, mo bọ́ bàtà tèmi, mo ń gbọn yẹ̀pẹ̀ tí kò sí nínú rẹ̀. Eṣinṣin ń bà lé mi lápá àti lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òtútù kan ń ti ara rẹ̀ wá, ó ń wọ̀ mí ní orúnkún. Ṣùgbọ́n n kò dìde.

Màmá mi ló tú wa ká. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn, inú sì ti ń bí i. Ó rọra gba orí àtẹ̀gùn tó fọ́ sọ̀kalẹ̀, ó la àárín àwọn ẹgbẹ́ mi kọjá, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Ta ni ò jẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀kùn mi láti àárọ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé."

Màmá mi wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ nìyí. Ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọsibítù lọ́jọ́ tí bàbá ọmọ yìí lọ. Mo ṣe bí nọ́ọ̀sì ni ẹ́. Mo tiẹ̀ fún ẹ ní àga."

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Ẹ ṣé ọjọ́ yẹn, mà."

"Ṣé mò ń kí ẹ ni?" Ó kọjá lára rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó lọ fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́yìn àwa méjèèjì. "Èmi ni mo kẹ́yìn báyìí. Bọ́ aṣọ yẹn."

Ó wo ilé náà, ó wo màmá mi. "Màmá, ẹ ti dàgbà," ó ní, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi lè yára nìyẹn. Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sílẹ̀, ó sì sáré lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó sáré tọkàntọkàn. Ó kọjá níwájú ilé ìyá mi láì wo ilẹ̀kùn, ó sì wọ kọ́nà. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan.

Màmá mi wọ ẹ̀wù náà, ó gùn dé orúnkún rẹ̀. Ó ní kí n ṣáájú òun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó bèèrè pé, "Ta nìyẹn?" ó dáhùn pé, "Èmi ni," ó sì wọlé. Bíríkìlà tún àtẹ̀gùn náà ṣe láì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Láti ọjọ́ náà, màmá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ ẹ̀wù mọ́. A ó sáré, a ó dúró, òun á máa fi ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn, á kanlẹ̀kùn àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì jọ jókòó máa ṣàríwísí iṣẹ́ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo máa ń gbé ẹ̀wù náà símú. Ó ń rùn, mo sì ń dúpẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo bojú wẹ̀yìn ní kọ́nà. Màmá mi nìkan kọ́ ló wà lójú títì. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo yí padà, mo fẹ́ sáré lọ bá wọn, àfi bí mo ṣe rí i pé màmá mi ti dúró. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń fún mọ́tò lọ́nà.

"Máa kọjá, ọmọ mi," mo gbọ́ tó ń sọ fún un. "Èmi ò kánjú."