Àtàǹpàkò Puran

Ọjọ́ ìbọ ohun ìjà ni ní abúlé Dhanasar. Umed Singh jókòó sórí ẹní ní àgbàlá, ó ń fi àkísà àti òróró nu idà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Takhat, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kẹwàá, ń bá a di àkọ̀ idà náà mú. Tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́ta ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni kẹta ni bàbá Takhat, ológun tó kú sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ bàtà náà. Bàbá àgbà kàn máa ń nu eruku orí rẹ̀ láràárọ̀, a sì dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú, arókin ìdílé wọn dé. Àwọn ọ̀dọ́ ilé pé lé e lórí lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó sì gbẹ́nu lé ìtàn ìran wọn.

"Nígbà tí a pín Ẹ̀dá Àkọ́kọ́, àlùfáà ti ẹnu rẹ̀ jáde! Oníṣòwò ti itan rẹ̀ jáde! Alágbàṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde! Ẹ̀yin jagunjagun ńkọ́? Apá rẹ̀ lẹ ti jáde! Nígbà tí ayé sì tún dàrú, àwọn àlùfáà dáná lórí òkè Abu, baba ńlá yín sì ti inú iná náà yọ, tòun ti idà lọ́wọ́!"

"Ọmọ iná ni wá!" Narpat ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ àbúrò Umed Singh ni, ó ti jáde níléèwé, kò sì níṣẹ́. Àwọn tó kù hó yèè.

Nígbà tí arókin lọ tán, Takhat padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé inú iná la ti jáde?"

"Nígbà tó wá kẹ́yìn, oòrùn ló ní ó bí wa," ni Umed Singh fèsì láìgbójú sókè. "Iná sàn díẹ̀. Ó sún mọ́ ilé."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ gbà gbọ́?"

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, bíi pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú kànga ni ó ń sọ ọ́.

"Ohun tí bàbá mi sọ fún mi ni mo mọ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó lè dúró nígbà tí àwọn tó kù ń sá, òun ni wọ́n ń pè ní jagunjagun. Darandaran ni àwọn mìíràn. Àwọn mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn, a ò mọ ilé bàbá wọn. Bí wọ́n bá ti gba ilẹ̀ tán, arókin a bá wọn wá oòrùn tí yóò bí wọn. Baba ńlá tiwa gun ẹṣin dé ibí pẹ̀lú ọfà tó gún un lẹ́yìn, àwọn ọ̀tá ń lé e bọ̀. Oníṣẹ́ awọ kan ló fi awọ màlúù tútù bò ó mọ́lẹ̀, tó sì fún un lómi mu nínú ìkòkò ara rẹ̀. Nígbà tó wá di olórí, oníṣẹ́ awọ yẹn fi ọ̀bẹ ya àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sàmì sí i níwájú orí. Láti ìgbà náà, a kì í wé láwàní olórí fún ẹnikẹ́ni nílé yìí, àfi bí ẹni kan láti ìdílé yẹn bá kọ́kọ́ sàmì sí i."

"Arókin ò ka ìyẹn, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Bí ẹni náà bá sàmì tán, ṣebí omi la fi ń fọ ibi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ó ti sọ ibẹ̀ di aláìmọ́." Ó ti idà bọ inú àkọ̀. "Bhoma tó ń sàmì báyìí ti darúgbó. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, Puran ọmọ rẹ̀ ni yóò sàmì sí ọ. Má gbàgbé."

Puran yìí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti dé tán, ó sì ti sọ pé ẹṣin lòun yóò gùn kọjá láàárín abúlé lọ sílé ìyàwó, bí gbogbo ọkọ ìyàwó ti ń ṣe. Ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń kọjá níwájú ilé àwọn jagunjagun ní Dhanasar látọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni Narpat wí ní ìsọ̀ tíì. "Ọmọ Bhoma fẹ́ gẹṣin níwájú ilé wa. Tó bá dọ̀la, yóò ní ká wá bá òun fọ ẹṣin."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dáhùn. "Ìwọ ni yóò di ìjánu mú fún un lónìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Narpat ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Takhat.

"Ìwọ ni àrólé. Gbé idà Bàbá wá."

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní ìdílé wọn ló..."

"Bàbá ti darúgbó! Bàbá tìrẹ kú lójú ogun. Tó bá wà láàyè, ṣé abẹ́ ibòjú ni yóò sá sí bí ìyàwó tuntun? Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tìrẹ ti tẹ̀ ẹ́. Àbí tíì ló ń ṣàn nínú iṣan rẹ ni?"

"A ò ní na ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló fẹ́ nà wọ́n? Kí wọ́n ṣáà rí idà."

Takhat mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ọlọ́mi tíì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà sùn lọ lọ́sàn-án, ó yọ idà lára ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ ìyàwó ń bọ̀ lórí abo ẹṣin funfun, ìlù àti fèrè níwájú, àwọn obìnrin ń kọrin lẹ́yìn. Narpat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dí ọ̀nà lẹ́bàá kànga.

"Sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n Narpat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá," ni Puran wí. "Àkókò tí àlùfáà dá fún wa ń lọ."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Puran wá rí Takhat. "Takhat? Ìwọ náà?"

Takhat wo ojú Puran, ó wo ojú Narpat. Ojú tì í pé ó dúró bí ère, ó sì na idà sókè, kí ó ṣáà lè jọ pé ó ṣe nǹkan kan. Ó gbàgbé ohun tí gbogbo ọmọ ilé wọn mọ̀: nígbà tí àrólé bá na idà sókè, àṣẹ ló pa. Òkò àkọ́kọ́ fò. Ẹṣin ta pọ́ún, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, Puran ṣubú, pátákò ẹṣin sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ òkúta.

Orin dáwọ́ dúró. Ohun tí Takhat gbọ́ kẹ́yìn kó tó sá ni igbe Bhoma, bàbá arúgbó, tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kó wọn. Wọ́n ti Narpat mọ́lé. Wọ́n dá Takhat sílẹ̀ torí pé ọmọdé ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wà ní àgọ́ wọn. Ọ̀gá iléèwé sọ fún un pé kó má wulẹ̀ dààmú láti wọ iṣẹ́ ológun mọ́, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti ń lálàá rẹ̀ látìgbà èwe. Wọn kì í gba ẹni tí ọlọ́pàá kò lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀.

Umed Singh kò nà án.

"Ta ló na idà sókè?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Ó dìde. Ó ṣí láwàní kúrò lórí, ó fi orí lásán rìn lọ sí àdúgbò àwọn oníṣẹ́ awọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Bhoma títí oòrùn fi wọ̀. Wọn kò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó padà délé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò nu bàtà ọmọ rẹ̀ mọ́. Takhat ló ń nù ún. Nígbà tí òtútù mú, bàbá náà kú.

Lọ́jọ́ ìwéláwàní, àwọn àgbà ìdílé jókòó sí àgbàlá. Láwàní wà lórí àwo. Korobá omi wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọn yóò fi fọ ilẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó bá wá sàmì. Wọ́n dúró títí. Kò sẹ́ni tó wá.

"Ẹ jẹ́ kí àlùfáà sàmì sí i, kó tán!" ni bàbá Narpat wí. "Àwa jagunjagun la ó máa wojú oníṣẹ́ awọ?"

Takhat dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ni bàbá Narpat bi í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń bọ̀."

Bhoma jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán bàtà. Puran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Takhat dọ̀bálẹ̀.

"Mo wá bẹ̀ yín. Èmi ni mo na idà sókè."

"A mọ̀," ni Bhoma dáhùn. "A wà níbẹ̀."

"Bàbá mi àgbà..."

"Ó wá. A ò ṣílẹ̀kùn fún un, ìyẹn sì ń dùn mí." Arúgbó náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ò ní dé ẹnu ọ̀nà yín mọ́. Ẹ ti fọ ibẹ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ àmì, ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti mu omi nìyí."

Ìyàwó Puran bu omi nínú ìkòkò wọn. Takhat kúnlẹ̀, ó mu ún tán. Puran ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ inú osùn pupa. Àtàǹpàkò náà ti wọ́, kò ṣe é ká mọ́.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀," ni ó wí. "Tèmi ti dà tó lójú ọ̀nà." Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ Takhat níwájú orí. Àmì náà wọ́. "Má rò pé mo ti dárí jì ọ́. Àmì ni mo sà."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó padà délé, ìdajì àwọn àgbà ti bínú lọ. Àwọn tó kù wo àmì wíwọ́ náà, wọ́n sì wé láwàní fún un. Ó gbé korobá omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á sí ìdí igi dóńgóyárò.

Ohun tí Takhat kọ́ nìyí, ó sì ti pẹ́ kó tó kọ́ ọ: ẹni tó ń fi ìran yangàn, ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún ló fi ń yangàn. Jagunjagun ni ẹni tó lè dúró nígbà tí àwọn tó kù ń sá. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lọ sínú ìwà ìkà, ó yẹ kó dúró, ṣùgbọ́n ó bá wọn sáré. Iná òkè Abu kò lè fọ ìyẹn kúrò lára ẹnikẹ́ni.

Bàtà bàbá rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ó ń nù ún láràárọ̀. Kò ní wọ̀ ọ́ láéláé.